Duke Slater, òpó ìlà iwájú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà bá délẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń gbé e wọlé ni gbogbo ayé máa ń dárúkọ. Àwọn tó ń forí sọ ara wọn níwájú kì í gbọ́ orúkọ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń bi mí nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síbí.

Ta ni Duke Slater gan-an?

Frederick Wayman Slater ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Normal ní ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1898. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ AME, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fúnra wọn. Iṣẹ́ ìjọ náà ló gbé ìdílé wọn dé ìlú Clinton ní ìpínlẹ̀ Iowa, létí odò Mississippi, nígbà tí Slater wà ní ọ̀dọ́mọdé.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Iowa láti 1918 títí di 1921. Láti 1922 títí di 1931 ló fi gbá a gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Òun ni ìtàn NFL, líìgì àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó fún ní Amẹ́ríkà, kà sí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ará ìlà iwájú. Àwọn dúdú bíi Fritz Pollard àti Paul Robeson ti wà nínú líìgì náà ṣáájú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni Pollard ń gbá, etí ìlà sì ni Robeson ń dúró sí. Àárín gbùngbùn ibi tí ìkọlù ti ń le ni Slater ń gbé.

Ta ló sọ ọ́ ní Duke?

Ajá ilé wọn ló ń jẹ́ Duke. Láti kékeré ni wọ́n ti fi orúkọ ajá náà ń pe ọmọ, ó sì mọ́ ọn lára. Nígbà tó di adájọ́ ní Chicago, Duke náà ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù yìí. Kí ni iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní tackle?

Ẹni mọ́kànlá ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ànfààní mẹ́rin láti gbé e síwájú ní ìwọ̀n yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá kùnà, àwọn ẹlòmíì gbà á. Méje nínú àwọn mọ́kànlá yìí ló ń tò sórí ìlà níwájú: ẹnì kan ní àárín gan-an tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, guard méjì tó fẹ̀gbẹ́ tì í, tackle méjì tó tẹ̀ lé wọn, àti àwọn méjì tó wà létí.

Kí tackle ti ẹni iwájú rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti lè ṣí àlàfo tó tó ìwọ̀n èjìká méjì, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ rántí bí atọ́kùn ṣe ń lé àwọn èrò sẹ́yìn kí eégún lè rí ibi jó: eégún ni gbogbo ènìyàn wá wò, àmọ́ láìsí atọ́kùn kò ní rí ààyè gbẹ́sẹ̀.

Ní ìgbà ayé Slater, iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lónìí lọ. Bọ́ọ̀lù wọn nígbà náà sanra níkùn, ó ṣòro láti jù. Òfin sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù síwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún sẹ́yìn ní yáàdì márùn-ún. Ọdún 1933 ni NFL tó yí èyí padà. Nítorí náà, sísáré gba àárín àwọn ènìyàn kọjá ni eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lé lórí. Ẹgbẹ́ tí ìlà iwájú rẹ̀ kò bá lágbára kò lè rìn jìnnà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń wo eré òde òní kì í rántí. Lónìí, ẹni tó ń kọlù yàtọ̀ sí ẹni tó ń dá ìkọlù dúró. Nígbà náà, àwọn mọ́kànlá kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá jáde kò lè padà wọlé bó ṣe wù ú. Ìdí nìyí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í fi í yára yọ ẹni tó dára jù lọ kúrò lórí pápá. Slater máa ń lo gbogbo 60 ìṣẹ́jú láìjáde rárá nínú ọ̀pọ̀ eré.

Ṣé òótọ́ ni pé kì í dé akoto?

Òótọ́ ni, àìrówó ló sì kọ́kọ́ fà á. Ní ilé ìwé girama Clinton, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń ra bàtà àti akoto tirẹ̀. Owó oṣù àlùfáà kò gbé méjèèjì. Bàbá rẹ̀ ní kó mú ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ọmọ náà sì tóbi débi pé kò sí bàtà tó wọ̀ ọ́ ní Clinton; Chicago ni wọ́n ti ní láti pàṣẹ rẹ̀. Ó mú bàtà, ó fi orí sílẹ̀ lásán.

Ó gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní girama, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún tó lò ní yunifásítì, níbi tó ti lè rí akoto dé bó bá wù ú. Òfin kò fipá mú ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọdún 1943 ni NFL tó sọ akoto di dandan.

Kí ọ̀rọ̀ bàtà yìí tiẹ̀ tó wáyé, bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ fàáké kọ́rí pé ọmọ òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù náà, nítorí ewu rẹ̀ pọ̀. Slater ń yọ́ gbá a. Lọ́jọ́ kan, bàbá bá ìyá níbi tó ti ń rán aṣọ eré tó ti ya, àṣírí sì tú. Wọ́n ní kó jáwọ́. Ọmọ kò bá bàbá jiyàn. Ó kàn dẹ́kun oúnjẹ jíjẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bàbá rí i pé ebi yóò pa ọmọ òun kí bọ́ọ̀lù tó pa á. Ó gbà, àmọ́ ó kì í nílọ̀ pé kò gbọdọ̀ fara pa. Ẹni bá mọ bí ilé àlùfáà ṣe rí á mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré ni kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ yí ohùn padà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín Iowa àti Notre Dame lọ́dún 1921?

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1921 ni. Yunifásítì Notre Dame, tí Knute Rockne jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ti borí nínú eré 20 léraléra. Wọ́n wá sí Iowa City, Iowa sì nà wọ́n pẹ̀lú 10 sí 7. Howard Jones ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Iowa. Gordon Locke ló ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, Aubrey Devine sì ló ń darí eré.

Àwòrán kan wà láti inú eré yẹn tí mo máa ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ Slater pé kó wá a wò. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló dé akoto awọ, àyàfi ọkùnrin kan. Orí rẹ̀ ṣófo, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì na apá méjèèjì. Kì í ṣe ẹnì kan ló ń dá dúró. Òun nìkan ló ń ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Notre Dame sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Locke ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ gba inú àlàfo tó ti ṣí. Ẹni tó bá wo àwòrán náà fún ìṣẹ́jú kan péré ti mọ iṣẹ́ tackle, kò nílò àlàyé mi òkè yìí mọ́.

Iowa borí nínú gbogbo eré méje tí wọ́n gbá lọ́dún yẹn, wọ́n sì gba ipò kìn-ín-ní nínú Big Ten, líìgì àwọn yunifásítì tí Iowa wà. Wọ́n yan Slater mọ́ àwọn All-American, ìyẹn àwọn tó dára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Báwo ló ṣe di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún?

Lọ́dún 1920 ni wọ́n dá líìgì náà sílẹ̀ ní ìlú Canton, ìpínlẹ̀ Ohio. Ọdún 1922 ló gba orúkọ NFL. Ọdún yẹn gan-an ni Slater wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Rock Island Independents ní Illinois. Ìlú kékeré ni Rock Island, létí Mississippi, òdìkejì odò sí Davenport ní Iowa. Kò jìnnà sí ibi tí Slater dàgbà sí, orúkọ rẹ̀ sì ti kàn káàkiri agbègbè náà.

Ẹ má fi NFL òde òní wò ó. Bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì ló ń fa èrò nígbà náà. Ojú tó rẹlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àwọn tó ń gbá a fún owó. Ẹgbẹ́ lè wà lónìí, kó kógbá sílé lọ́la. Ní ìparí sáà 1922, nígbà tí Rock Island ti parí eré tirẹ̀, Slater lọ gbá ráńpẹ́ fún Milwaukee Badgers níbi tí Pollard wà, ó sì padà. Nígbà tó di 1924, Jim Thorpe fúnra rẹ̀ wá bá wọn ní Rock Island: ọmọ ẹ̀yà Sac and Fox, ẹni tó gba wúrà méjì ní Òlíńpíìkì 1912, tó sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún líìgì náà. Thorpe gbé bọ́ọ̀lù, Slater ń ṣínà fún un.

Ṣé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà dí i lọ́wọ́?

Ó dí i, àmọ́ kò lé e lọ. Lọ́dún 1924, Rock Island lọ bá ẹgbẹ́ Kansas City Blues gbá ní ìpínlẹ̀ Missouri. Nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí Slater wọ pápá níbẹ̀. Rock Island pàdánù. Nígbà tí Kansas City wá bá wọn gbá ní Rock Island lọ́dún yẹn kan náà, Slater wọlé, Rock Island sì borí. Eré méjèèjì yìí ni ó yẹ kí ẹni tó bá ń sọ pé òṣèré ìlà iwájú kan kò lè yí eré padà gbé yẹ̀ wò.

Ohun tó tún burú ju ti Missouri lọ ń bọ̀. Ní 1926, ẹgbẹ́ 22 ló wà ní NFL. Ní 1927, wọ́n gé e sí 12. Nígbà tí wọ́n ń gé e, àwọn adúláwọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sẹ́yìn. Ní sáà 1927, Slater nìkan ló ṣẹ́ kù ní gbogbo líìgì. Àwọn dúdú kan wá lẹ́yìn náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì lọ. Òun dúró. Ní tèmi, èyí ni ohun tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju àwòrán Notre Dame lọ. Ẹ ronú bí yóò ṣe rí kí ènìyàn máa lọ síbi iṣẹ́ tí kò ti sí ẹlòmíì tó jọ ọ́, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ náà ni kí àwọn ọkùnrin ńláńlá máa kọlù ọ́ fún wákàtí kan. Àwọn tó bá a gbá sì jẹ́rìí pé kì í gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń wá ìjà.

Ẹgbẹ́ wo ló wà nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo gba ààmì 40?

Chicago Cardinals ni, àwọn tó ń jẹ́ Arizona Cardinals lónìí. Rock Island kúrò ní NFL lọ́dún 1926 lọ sí líìgì tuntun kan, ẹgbẹ́ náà dojú dé kí ọdún tó parí, Slater sì bọ́ sí Cardinals, níbi tó wà títí di 1931.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, 28 oṣù Kọkànlá 1929, ní pápá Comiskey. Cardinals àti Chicago Bears ló pàdé, ará ìlú kan náà tí kò fẹ́ràn ara wọn. Ernie Nevers gbé bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì tún fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù gba ààmì mẹ́rin mọ́ ọn lẹ́yìn touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọlé. Gbogbo ààmì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ló jẹ́ tirẹ̀: 40 sí 6. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó dá gba ààmì tó bẹ́ẹ̀ nínú eré NFL kan ṣoṣo. Alvin Kamara ti New Orleans gbé bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹfà lóòótọ́ ní ọjọ́ Kérésìmesì 2020, àmọ́ ààmì rẹ̀ kò tó 40.

Ẹni tó ń ṣí ìlà Bears sílẹ̀ fún Nevers ní ọ̀sán yẹn ni Slater, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Orúkọ Nevers ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ iye àlàfo tí tackle ṣí sí nígbà náà. Ohun tí oníròyìn bá rí ló ń sọ, àwọn oníròyìn ọjọ́ yẹn sì rí i, wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Ìgbà wo ló ráyè kàwé?

Láàárín sáà kan sí òmíràn. Bí eré bá parí nígbà òtútù, á padà sí Iowa City lọ jókòó sí kíláàsì òfin. Ó gba oyè rẹ̀ ní 1928, nígbà tó ṣì ń gbá fún Cardinals, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà ní Chicago.

Kí ló ṣe lẹ́yìn 1931?

Láti 1934 títí di 1945, adúláwọ̀ kankan kò gbá bọ́ọ̀lù ní NFL. Ilẹ̀kùn tí Slater dúró sí ẹnu rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ni wọ́n tì pa lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀. Òun kò kàn jókòó máa kárí sọ. Ó kọ́ àwọn ọmọ girama ní Oklahoma City fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà sí Chicago, ó ń darí àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ́ kìkì adúláwọ̀, irú bíi Chicago Brown Bombers, kí àwọn tí NFL kò gbà lè ríbi gbá. Ọdún 1946 ni Kenny Washington àti Woody Strode tó wọ Los Angeles Rams, tí ìdè náà fi já.

Ọdún 1948 ni àwọn ará Chicago dìbò yàn án sí ipò adájọ́, adúláwọ̀ kejì tí wọ́n dìbò yàn bẹ́ẹ̀ nílùú náà. Ní 1960 ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní kóòtù gíga Superior Court níbẹ̀. Orí iṣẹ́ ìdájọ́ ló wà títí jẹjẹrẹ fi mú un lọ lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1966, ní ẹni ọdún 67.

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bu ọlá fún un?

Àwọn ti yunifásítì kò pẹ́ rárá. Nígbà tí College Football Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù yunifásítì, yan àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1951, Slater wà níbẹ̀, òun nìkan sì ni adúláwọ̀ láàárín wọn. Ó rí i lójú ara rẹ̀.

Ti NFL ni ẹjọ́ wà. Pro Football Hall of Fame tó wà ní Canton, ilé ìrántí àwọn tó gbá a fún owó, gbé orúkọ rẹ̀ dé ìpele ìkẹyìn ní 1970 àti 1971, wọn kò yàn án. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọmi fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 2020 ni wọ́n tó mú un, nígbà tí líìgì ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àárín àkókò náà jẹ́ ọdún 89 láti ìgbà tó bọ́ bàtà eré kúrò. Mo gbà pé ìdí méjì ló pa pọ̀: ará ìlà iwájú kì í ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè tọ́ka sí, adúláwọ̀ sì ni, ní àsìkò tí àwọn tó ń kọ ìtàn kò fẹ́ kí wọ́n rántí pé àwọn dúdú ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn. Ìwà tí kò dára ni, ó sì yẹ kí a máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣé nǹkan kan wà ní Iowa tí mo lè lọ wò?

Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Yunifásítì Iowa tó ń jẹ́ Slater Hall, orúkọ rẹ̀ ni. Ní pápá ìṣeré Kinnick, wọ́n gbẹ́ ère kan sára ògiri láti inú àwòrán 1921 tí mo sọ. Láti 2021, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ nínú pápá náà ń jẹ́ Duke Slater Field.

Ṣé ọmọ Yorùbá wà ní irú ipò yìí lónìí?

Ó wà. Olumuyiwa Fashanu, tí wọ́n ń pè ní Olu, ni New York Jets mú ní ipò 11 nígbà tí wọ́n ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 2024, láti Yunifásítì Penn State. Tackle ni, bíi Slater. Olusegun Oluwatimi sì gba Outland Trophy ní 2022, ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ará ìlà iwájú tó dára jù lọ ní yunifásítì, nígbà tó wà ní Michigan. Seattle Seahawks ló mú un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àárín gbùngbùn ìlà ni òun ń dúró sí.

Ara wọn ti yàtọ̀. Slater wọn nǹkan bíi 215 pọ́n-ùn; àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí ti kọjá 300. Bí ẹ bá fẹ́ wo Fashanu lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú àáyá méjì àkọ́kọ́. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tó ti gba ẹni iwájú rẹ̀ mú àti ibi tó tì í dé, kí ẹ tó wá wo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù.